Ẹja Adágún Nílò Ibi Ìsinmi

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò ṣòro, ṣùgbọ́n ó kan ìkòkò ọbẹ̀ olúkúlùkù wa. Ó jẹ mọ́ ẹja tí ń bẹ nínú àwọn adágún kéékèèké wa, àti ohun tí ọ̀pọ̀ èrò àti ọkọ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀ ń ṣe sí i.

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á mọ irú omi tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe òkun, kì í sì ṣe ọ̀sà ńlá bí ti Èkó. Omi tí ènìyàn lè dúró ní bèbè kan kí ó sì rí ẹni tí ń bẹ ní bèbè kejì ni. Púpọ̀ nínú irú adágún bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa ni a fi ọwọ́ ènìyàn ṣe. Ní ọdún 1942 ni a sé odò Ọnà ní Ẹlẹ́yẹlé, ní Ìbàdàn, kí àwọn ará ìlú lè rí omi mu. A sé Ẹ̀rínlẹ̀ nítòsí Ẹdẹ, a sé Ọ̀pá ní Ilé-Ifẹ̀, a sì sé àwọn odò mìíràn káàkiri. Omi mímu ni a torí rẹ̀ sé wọn, ṣùgbọ́n bí omi ti dúró ni ẹja ti pọ̀ sí i, bí ẹja sì ti pọ̀ ni apẹja dé. Lẹ́yìn apẹja ni ọlọ́kọ̀ dé, lẹ́yìn ọlọ́kọ̀ ni àwọn tí ń wá ṣe fàájì dé. Gbogbo wọn wá di ará ilé kan náà, kò sì sí ẹni tí ó pín yàrá fún wọn.

Ní ọjọ́ kejì ọdún Àjíǹde kan, mo dé etí irú adágún bẹ́ẹ̀. Èrò pọ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé ọjà ni. Àwọn ọmọdé ń wẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ gbé ẹ̀rọ orin sí etí omi, ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì méjì sì ń kó àwọn ènìyàn yí adágún ká láìsinmi. Lábẹ́ igi kan ni mo ti bá baba arúgbó kan tí ó jókòó ti àwọ̀n rẹ̀. Àwọ̀n náà ti ya láti òkè dé ilẹ̀.

Mo ní, "Baba, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni ó ya àwọ̀n yín tó báyìí?"

Ó nawọ́ sí àárín omi. Ó ní, "Ọmọ mi, ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọ̀n kọ́ ni ó dùn mí jù. Àwọ̀n ṣe é tún ṣe. Wo inú agbọ̀n yẹn."

Mo wo inú agbọ̀n. Ẹpìyà mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tí ó ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ nínú wọn. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kọ̀ dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Baba, ẹ má bínú. N kò rí àmì kankan lórí omi ni. Owó ilé-ìwé ọmọ méjì ni mò ń wá kiri."

Baba náà wò ó títí, ó ní, "Èmi náà, àwọ̀n yìí ni mo fi rán àwọn ọmọ mi lọ sí ilé-ìwé."

Ẹ̀yin ará mi, òtítọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Ìdí nìyí tí n kò fi wá síbí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí mo fẹ́ ni kí á mọ bí ẹja ṣe ń gbé nínú omi, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò mọ ibi tí ó yẹ kí á pààlà sí.

Àwọn kan a máa wí pé ẹja kò ní etí. Lóòótọ́, kò ní etí ní òde bí ti ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ó ní in nínú orí. Òkúta wẹ́wẹ́ ń bẹ nínú etí náà. Bí ìró bá mi omi, òkúta náà a gbọ̀n, ẹja a sì gbọ́. Yàtọ̀ sí èyí, bí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ ẹpìyà dáadáa, ẹ ó rí ìlà tín-ín-rín tí ó ti ẹ̀yìn orí lọ sí ìhà ìrù. Ihò wẹ́wẹ́ ni ó tò di ìlà yẹn, òun ni ẹja sì fi ń mọ̀ bí omi bá mì nítòsí rẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú òkùnkùn. Ní ti àrọ̀, ó ju ẹpìyà lọ nínú ìgbọ́ràn. Àpò afẹ́fẹ́ kan ń bẹ nínú rẹ̀, eegun wẹ́wẹ́ sì so àpò náà pọ̀ mọ́ etí. Bí awọ ìlù ni àpò yìí ṣe ń gba ìró, tí ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí etí.

Ìró pàápàá a máa yára nínú omi ju bí a ti rò lọ. Nínú afẹ́fẹ́, ìró a máa lọ tó nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú omi, a máa lọ tó nǹkan bíi mítà 1,500 láàárín àkókò kan náà. Èyí ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Nítorí náà, kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ẹja, ẹja ti gbọ́ pé ó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbí tí yóò ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu. Ìró tí a bá pa lókè omi, bí orin àti ọ̀rọ̀ ẹnu, ojú omi ni ó ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà. Díẹ̀ ni ó ń wọlé. Ìró tí ń dẹ́rù ba ẹja jù lọ ni èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú omi gan-an. Ajẹ̀ tí a fi gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ìdákọ̀ró tí a jù sílẹ̀ wàà, ẹsẹ̀ ogún ọmọdé tí ń fò wọ inú omi, àti abẹ̀bẹ̀ irin ẹ́ńjìnnì tí ń yí nísàlẹ̀ omi: ìwọ̀nyí ni ẹja ń gbọ́ ketekete. Apẹja tí ó bá ń kọrin jẹ́jẹ́ lórí ọkọ̀ rẹ̀ kò ṣe ẹja ní ibi kankan. Èyí tí ó bá ń da ajẹ̀ sílẹ̀ gbàù nínú ọkọ̀ ni ó ń lé oúnjẹ ara rẹ̀ lọ.

Bóyá ìyá kan yóò bi mí léèrè pé, "Ìwọ ọmọ yìí, bí mo bá ń fọ àwo létí omi, ṣebí àwọn ẹja kéékèèké a máa yí mi ká. Èé ṣe tí wọn kò fi sá fún mi?" Ìbéèrè àgbà ni. Ẹja a máa mọ ohun tí ó bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ní ibi kan náà láìṣe é ní jàǹbá. Ó mọ̀ pé èérún oúnjẹ ń bọ́ láti inú àwo. Ohun tí kò lè mọ̀ ni èyí tí ó ń dé lójijì, tí ó ń yà sọ́tùn-ún, tí ó ń yà sósì, tí kò ní ọ̀nà, tí kò sì ní àkókò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé lórí rẹ̀ ni ìmọ̀ràn tí n ó mú wá yóò dúró.

Wàyí o, kí ni ọkọ̀ àti èrò ń ṣe sí ẹja gan-an? Ohun mẹ́ta ni.

Èkíní, wọn kì í jẹ́ kí ẹja jẹun. Ọ̀sán ni ẹpìyà ń jẹun. Bí ọkọ̀ kan bá kọjá, ẹja a sá wọ ibi jíjìn, ṣùgbọ́n yóò padà láìpẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹja kò ní àyè láti padà. Gbogbo agbára tí ì bá fi tóbi ni ó ń fi sá kiri. Àrọ̀ ní tirẹ̀ a máa jẹun lóru, èyí ni ó fi ń rí ààyè díẹ̀ ju ẹpìyà lọ níbi tí ọkọ̀ kì í ti rìn lóru.

Èkejì, wọn a máa ba ibi tí ẹja ń yé ẹyin sí jẹ́. Èyí ni ó burú jù, nítorí pé ọmọ ọ̀la ni ó ń pa. Etí omi, níbi tí kò jìn, ni akọ ẹpìyà ń gbẹ́ ihò roboto sí nínú iyanrìn. Ní irú ẹpìyà kan, bí abo bá ti yé ẹyin sínú ihò náà, yóò kó wọn sí ẹnu, yóò sì máa gbé wọn kiri títí wọn yóò fi pa, tí àwọn ọmọ yóò sì lè dá rìn. Ní gbogbo àkókò yìí, agbára káká ni ó fi ń jẹun. Bí ìbẹ̀rù bá mú un jù, a lè pọ ẹyin náà sílẹ̀, a sì lè gbé wọn mì. Irú ẹpìyà mìíràn kì í kó ẹyin sẹ́nu. Inú ihò ni ó ń fi wọ́n sílẹ̀ sí, akọ àti abo a sì máa ṣọ́ wọn. Bí ènìyàn bá ń tẹ etí omi mọ́lẹ̀ tàbí tí ọkọ̀ bá gorí ibẹ̀, àwọn òbí a sá. Kí wọ́n tó padà, àwọn ẹja kéékèèké yòókù ti jẹ ẹyin tán. Àrọ̀ kò ní ihò, kì í sì í ṣọ́ ẹyin. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí omi sì bo koríko etí bèbè, ibẹ̀ ni ó ń lọ yé sí, ẹyin rẹ̀ a sì lẹ̀ mọ́ koríko. Ìgbì tí ọkọ̀ tí ń sáré bá tì sí bèbè lè já wọn dànù sórí ilẹ̀, kí oòrùn sì gbẹ wọ́n.

Ẹ̀kẹta, wọn a máa ba omi pàápàá jẹ́. Abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì a máa ru ẹrẹ̀ sókè níbi tí omi kò bá jìn. Ìgbì a máa jẹ bèbè, ilẹ̀ a sì máa ya lulẹ̀ sínú omi. Ẹrẹ̀ náà a rọ̀ sílẹ̀, a bo ẹyin ẹja mọ́lẹ̀, ẹyin a sì kú nítorí àìrí afẹ́fẹ́. Omi tí ó bá dúdú fún ẹrẹ̀ kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ yìí ni ó ń mú ewédò wẹ́wẹ́ tí ẹpìyà ń jẹ dàgbà. Ẹ́ńjìnnì kéékèèké tí a ń po òróró mọ́ epo rẹ̀ kì í sì í jo gbogbo epo náà tán. Apá kan rẹ̀ ń jáde sínú omi tí àwa náà ń mu.

Nínú odò tí ń ṣàn, ẹja tí a bá lé níhìn-ín lè lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Nínú òkun, ibi ìsásí kò lópin. Ṣùgbọ́n nínú adágún kékeré, ibi tí a bá lé ẹja sí, ibẹ̀ ni ọkọ̀ kejì yóò ti bá a. Etí omi tí kò jìn, tí ó sì ní koríko, kò pọ̀. Bí a bá bà á jẹ́ yí ká, kò sí òmíràn mọ́. Ìdí rèé tí ọkọ̀ méjì péré fi lè ṣe ohun tí ogún ọkọ̀ kò lè ṣe nínú ọ̀sà.

Àwọn àgbà ibi púpọ̀ ti mọ èyí kí ìwé tó dé. Ẹ jẹ́ kí á yà sí ilẹ̀ Gánà díẹ̀. Ní agbègbè Áṣáńtì, tí ó tó nǹkan bíi kìlómítà 30 sí Kùmásì, adágún kan wà tí à ń pè ní Bosomtwe. Fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 8, kò sì sí odò kan tí ó ṣàn jáde nínú rẹ̀. Mímọ́ ni àwọn ará ibẹ̀ ka adágún náà sí. Láyé àtijọ́, wọn kì í gbé ọkọ̀ sórí rẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí irin kàn án. Pátákó igi ni apẹja ń gùn, ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì fi ń wa omi. Títí di òní, ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ yóò rí àwọn apẹja lórí pátákó wọn. Ẹ̀sìn ni wọ́n fi ṣe òfin náà, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ni ẹja rí gbà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, àwọ̀n tuntun dé, ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì dé, àwọn tí ń ṣe fàájì sì ń ti ìlú ńlá wá. Ẹja Bosomtwe dínkù, ó sì kéré sí i. Ṣùgbọ́n kí n má ṣe parọ́ fún yín: kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni ó fà á. Àwọn apẹja pọ̀ jù, ojú àwọ̀n sì kéré jù, bí wọ́n tilẹ̀ ń gun pátákó tí kò pariwo. Nítorí náà, kí apẹja má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru ọlọ́kọ̀. Ẹni tí ó ń fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kó ọmọ ẹja, tàbí tí ó ń da oògùn apakòkòrò sínú omi, kò ní ẹnu láti fi bá ẹni tí ń gun ẹ́ńjìnnì wí.

Ẹ sì tún wo ìhà òkè ilẹ̀ wa ní Argungu, níbi tí ọdún ẹja pípa ti gbajúmọ̀ láti ọdún 1934. Lóòótọ́, odò ni tiwọn, kì í ṣe adágún. Ní ọjọ́ náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin a rọ́ wọ inú omi pẹ̀lú igbá àti àwọ̀n ọwọ́, láàárín nǹkan bíi wákàtí kan wọn a sì kó ẹja ńláńlá jáde. Ẹni tí ó bá rí ọjọ́ yẹn nìkan yóò wí pé èrò kì í lé ẹja. Ohun tí kò rí ni pé a ti fi òfin pa ibẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́ ṣáájú, kí ẹja lè sinmi kí ó sì tóbi. Ọjọ́ kan ni ti èrò; ìyókù jẹ́ ti ẹja. Bí àwọn ẹlòmíràn bá lè ṣe é, àwa náà lè ṣe é.

Kí ni ó yẹ kí á ṣe nígbà náà? Ẹ jẹ́ kí baálẹ̀ pe àwọn apẹja, àwọn ọlọ́kọ̀, àwọn obìnrin tí ń ra ẹja àti àwọn ọ̀dọ́ jọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó ẹja pípa ní agbègbè yín, ẹ sì pe àwọn tí ó ni iṣẹ́ omi, nítorí pé adágún omi mímu ní òfin tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pín omi náà bí a ti ń pín oko.

Ẹ yan ìhà kan tí ó ní koríko, tí kò sì jìn, kí ó jẹ́ ibi ìsinmi ẹja. Kí ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì má ṣe dé ibẹ̀, kí a má ṣe wẹ̀ níbẹ̀, kí apẹja pàápàá má sì ṣe dẹ àwọ̀n síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ẹ yan ojú ọ̀nà kan fún ọkọ̀, láàárín ibi tí omi ti jìn, kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ibẹ̀. Ọ̀nà tí kì í yí padà ni ẹja lè mọ̀, bí ó ti mọ ìyá tí ń fọ àwo. Nígbà tí ọkọ̀ bá sì kù díẹ̀ kí ó gúnlẹ̀, kí ọlọ́kọ̀ dín eré kù, kí ìgbì má bàa jẹ bèbè. Ẹ yan ibi kan ṣoṣo tí èrò ọdún yóò máa jókòó sí, tí wọn yóò sì máa wẹ̀ sí.

Ní ti ẹ̀yin apẹja, ẹ so ike òfìfo tí a kùn ní funfun mọ́ orí àwọ̀n yín, kí ọlọ́kọ̀ lè rí i láti òkèèrè. Bí baba tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti ṣe èyí, bóyá àwọ̀n rẹ̀ kì bá tí ya. Ní àkókò ọdún, ẹ dẹ àwọ̀n ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí èrò bá ti lọ, kí ẹ sì kó o ní ìdájí kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ lo àwọ̀n tí ojú rẹ̀ fẹ̀, kí ọmọ ẹja lè kọjá.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ má ṣe rò pé ẹ̀tọ́ yín ni a fẹ́ gbà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ẹ ń gbé ń wá nítorí pé omi náà dára, tí ẹja yíyan sì ń ta sánsán létí rẹ̀. Ọjọ́ tí omi bá di ẹrẹ̀, tí ẹja sì tán, ta ni yóò san owó ọkọ̀ láti wá wò ó?

Àwọn baba wa sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára. Ẹja kò lè wá sí ìpàdé baálẹ̀ láti sọ tẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n inú agbọ̀n ni ó ń gbà sọ ọ́. Bí agbọ̀n bá ń fúyẹ́ lọ́dọọdún, ó ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo bẹ̀ yín, kí òjò tí ń bọ̀ má ṣe dé bá wa láìtíì ṣe ìpàdé náà, kí ọmọ apẹja àti ọmọ ọlọ́kọ̀ lè jọ máa rí owó ilé-ìwé san láti inú omi kan náà.